Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ yàrá ìrọbí wa n'Iléṣà

Olótùú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bíríkìlà ni mí n'Iléṣà níbí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin bímọ nínú oṣù kẹta ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan ládùúgbò wa, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni o, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n lẹ táìsì, wọ́n kan síílìn rọ́bà sí i, gbogbo ẹ̀ ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé wò wọ́n, nọ́ọ̀sì ń fi páálí fẹ́ ìyá ọmọ, òógùn tiẹ̀ náà ń kán tó tó sórí bẹ́ẹ̀dì. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo.

Mo wá gbójú sókè wo fèrèsé. Wọ́n ti yọ lúfà àtijọ́ dànù, wọ́n fi sílàídì sí i, sílàídì ọ̀hún ìdajì ló ń ṣí, tẹ́ ẹ bá tì í sápá kan apá kejì ló máa dí. Èyí tó kọjú sí i lára ògiri kejì, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i pátápátá, wọ́n sì rẹ́ ẹ. Atẹ́gùn tí ò bá ríbi jáde kì í wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ooru nìkan o, àtẹni tó ní ikọ́ ife àti aláboyún ni wọ́n jọ ń jókòó síbẹ̀, àjọ WHO gan-an gbé ìwé jáde lọ́dún 2009 lórí bí atẹ́gùn ojú fèrèsé ṣe ń dín àkóràn kù nílé ìwòsàn.

Ògiri ẹ̀ náà dùn mí. Amọ̀ làwọn ará àtijọ́ fi mọ ọ́n, kọntirákítọ̀ wá fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ, omi wọ ẹ̀yìn ẹ̀ kò ríbi gbà jáde, òjò ẹ̀ẹ̀kan ó ti ń bẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ká ní amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, tí wọ́n na páànù jáde dáadáa kí òjò má lu ògiri, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ì bá ti tán. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, amọ̀ ló fi kọ́ iléèwé abúlé wọn, ó gbé páànù sókè kúrò lórí síílìn kí ooru lè máa gbabẹ̀ jáde, lọ́dún 2022 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker tí àwọn ayàwòrán ilé gbogbo àgbáyé ń lé. Ooru tiwọn sì ju tiwa lọ.

Owó epo tí ò sí yẹn, sólà kékeré ni kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, kó gbé gílóòbù yàrá ìrọbí àti fíríìjì àjẹsára, torí ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ọmọdé ò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí wọ́n sì tọ́jú owó bátìrì sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì máa ń kú. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, àti pé nínú ẹ̀ ni kí wọ́n ti máa tún ilé àti irinṣẹ́ ṣe. Ọmọ òṣómàáló ni wá, ẹ jẹ́ ká lóṣòó bèèrè ibi tí owó náà dé.

Fèrèsé tí wọ́n dí yẹn, mo ti ṣetán láti là á lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kí wọ́n ṣáà gbà mí láyè.

Èmi bíríkìlà kan,
Iléṣà