Bàbá tó le ní Guizhou

Ẹ̀yin Olóòtú,

Àwọn kan máa ń fi òbí ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àpẹẹrẹ fún wa, pé wọ́n le mọ́ ọmọ, ọmọ wọn sì ń ṣe dáadáa. Mo fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní abúlé kan ní Guizhou, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà. Mo mọ ọmọbìnrin kan níbẹ̀, ọmọ ọdún 15, tí kì í wo ojú bàbá rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Guangdong, ìpínlẹ̀ mìíràn, ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Ó di ọdún tuntun wọn kó tó wálé, èsì ìdánwò ló sì kọ́kọ́ ń béèrè, kó tó bọ́ bàtà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó ka ọ̀rẹ́ léèwọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á yé mi, ká má purọ́. Ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú zhongkao, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí. Ìlànà hukou, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ìdílé sí ibi tí wọ́n ti wá, tó ti wà láti 1958, ló sì so ọmọ mọ́ abúlé. Kò rọrùn kí bàbá mú un lọ kàwé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a jọ jẹun. Bàbá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun mú ẹran láti inú abọ́ tirẹ̀, ó gbé e sínú tọmọ, kò wí nǹkan kan. Ọmọ jẹ ẹ́, kò dúpẹ́. Nígbà tó sìn mí sọ́nà, ó ní, "Tíṣà, mi ò mọ ọkùnrin yẹn."

Ṣé èyí ni wọ́n ní ká wá kọ́ ni?

Èmi ni,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn