Inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ọkàn wa ti ń pín yà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, pàápàá báyìí tí àsìkò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sún mọ́lé láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù níbi tí mò ń gbé.

Tí oníwàásù bá fẹ́ sọ ohun tó ń fa ọkàn Kristẹni kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kíá lẹ ó gbọ́ pé ọdún Agẹmọ ni, ọdún Ojúde Ọba ni, ọtí ni, owàńbẹ̀ ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ wo Agẹmọ mọ ibi tóun ń lọ, kò pè é ní ìsìn Jésù. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni èyí tá à ń fi orúkọ Jésù ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti gbàyè Jésù mọ́ ọn lọ́wọ́ tá ò sì fura.

Ẹ wo ìkórè. Oṣù mélòó kan kó tó dé ni kọmítì ti ń jókòó, aṣọ ẹgbẹ́ ti jáde, ìyá tó ń ta gààrí ní Sábó ń wá owó aṣọ, owó gèlè, owó oúnjẹ àlejò, ẹgbẹ́ yìí ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tọ̀hún ju àwọn lọ, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń kọrin níwájú pẹpẹ ò wá kíra wọn mọ́ torí àwọ̀ léèsì. Tọ́jọ́ bá pé, wọ́n á máa pe tábìlì kọ̀ọ̀kan wá dáwó títí oòrùn á fi kan àtàrí, ìwàásù á wá di ohun tí wọ́n sáré sọ torí àlejò ti ń wo aago. Ẹ bi ẹni tó ń jáde bọ̀ pé orí kí ni wọ́n wàásù lé, iye tí wọ́n dá ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Màtá inú Lúùkù orí 10 ò ṣe nǹkan burúkú kankan, Jésù fúnra ẹ̀ ló ń tọ́jú. Síbẹ̀ Jésù pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ń ṣàníyàn, ó ń dààmú nípa nǹkan púpọ̀. Kò ní kó má se oúnjẹ o! Ọkàn tó pín síbi púpọ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ káwọn alàgbà wa dúró sí dáadáa.

Fóònù náà ń kọ́? Bíbélì wà nínú ẹ̀, mo mọ̀, àwọn àgbàlagbà tójú ń dùn sì ń fi sọ lẹ́tà di ńlá, ìyẹn dáa. Àmọ́ inú fóònù yẹn náà ni WhatsApp wà, ẹ ò tíì ka ẹsẹ kan tán tí wọ́n á ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ kan ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ pín in fún èèyàn mẹ́wàá kílẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kan á gba àdúrà òru lọ́dọ̀ pásítọ̀ kan, á gba ti ìdájí lọ́dọ̀ òmíràn, á tún gba ààwẹ̀ ẹnì kẹta, kò sì ní ráyè ka orí Bíbélì kan fúnra ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nehemáyà gbọ́ ìpè tiẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Sáńbálátì ọ̀tá ẹ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó wá, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló ní iṣẹ́ ńlá lòun ń ṣe, òun ò lè sọ̀kalẹ̀ wá, ọjọ́ 52 sì ni odi Jerúsálẹ́mù fi parí.

Ilẹ̀ wa níbí sì nìyí o. Lọ́dún 1918 tí àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Joseph Sadare àtàwọn díẹ̀ ti kóra jọ, tí Sophia Odunlami tó jẹ́ tíṣà náà dara pọ̀ mọ́ wọn, àdúrà ló kó wọn jọ, kì í ṣe aṣọ. Nínú gbòǹgbò tí Christ Apostolic Church ti hù lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ yẹn wà níbẹ̀. Ìjẹ̀bú ló ṣe é o, kì í ṣe òyìnbó ló wá ṣe é fún wa.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ: ẹ jẹ́ kí ìwàásù ṣáájú ìdáwó lọ́jọ́ ìkórè, ẹ má fi aṣọ ṣe dandan fún opó àti akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìjọ kí wọ́n gbé Bíbélì oníwèé wá, kí fóònù wà nínú báàgì. Nílé, ká ka sáàmù kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ká tó tan dátà láàárọ̀, kódà tó bá jẹ́ Sáàmù 117 tó ní ẹsẹ méjì péré. Ìjọ tó bá dán an wò lọ́dún yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí, kí wọ́n sọ bó ṣe rí fún wa.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Ọmọ ìjọ kan, Ṣágámù.