Ọjọ́ 90 péré ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní láti lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nígbàkúùgbà tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá tú ẹni tí wọ́n ti ní kí wọ́n yẹgi fún sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn: "Owó ti sọ̀rọ̀." Owó lè sọ̀rọ̀ lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń di ìwé ẹjọ́ tó ń lọ sókè.

Ìdí kan wà tí àwọn lọ́ọ́yà kì í gbàgbé láti kọ sínú ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: pé ìdájọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lè gbé e dúró. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó jókòó ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ní rí ẹlẹ́rìí kankan sójú. Wọn ò mọ ẹni tó ń làágùn, wọn ò mọ ẹni tó ń wolẹ̀ kó tó dáhùn. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣàdédé da ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ gbà gbọ́ nù. Mo ti rí ọ̀dọ́ lọ́ọ́yà tó da ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kọ sínú ẹjọ́ ìpànìyàn, pé ẹ̀rí ẹni tòun ló wúwo jù lórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kọ́ la fi ń dá ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìjọba tó fẹ̀sùn kan èèyàn ni yóò mú iyèméjì kúrò. Olùjẹ́jọ́ lè dákẹ́ kó ṣì jàre.

Ẹ rántí ẹjọ́ Kudirat Abiola, tí wọ́n yìnbọn pa l'Ékòó ní 1996. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún Hamza al-Mustapha, ọ̀gá sójà tó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ Sani Abacha nígbà ìjọba ológun, lórí ikú náà. Ní oṣù keje ọdún 2013, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u sílẹ̀. Inú bí mi bí ẹní jẹ ata. Àmọ́ àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí ìjọba gbójú lé ti wí tẹnu wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n tún padà wá sí kóòtù kan náà láti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì la fẹ́ tìtorí rẹ̀ so okùn mọ́ ọrùn ẹnìkan?

Ọ̀gá sójà kúkú ní lọ́ọ́yà. Ìyá kan wá bá mi lọ́fíìsì nígbà kan, ó so owó mọ́ etí ìró, ó fẹ́ gba ìwé ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ 90 ni òfin fún ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga dá lẹ́bi láti kọ̀wé pé kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọjọ́ ti kọjá. Èèyàn lè tọrọ àfikún, ṣùgbọ́n lọ́ọ́yà ló ń báni tọrọ ẹ̀, màmá ò sì ní lọ́ọ́yà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ọjọ́ wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí adájọ́ tó dìde lórí àga, kí akọ̀wé fi Yorùbá sọ ọjọ́ náà fún ẹni tí wọ́n ń mú lọ sẹ́wọ̀n, kó sì fún un ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn