Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Iléṣà Ká Tó Náwó Sí I: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́

Ìjẹ̀ṣà Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀, ọmọ onílé obì, a kí yín nílé, a kí yín lẹ́yìn odi.

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájà sílẹ̀. Àwọn kan ní Òkè-Ìró ni ká gbẹ́ ẹ sí, àwọn kan ní Ìsọ̀kùn. Kálukú ń gbèjà àdúgbò rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fẹ̀rí hàn ibi tí ìyà omi ti ń jẹ èèyàn jù. Irú èyí ló fi ń jẹ́ pé kànga ẹ̀rọ mẹ́ta á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan náà, tí àdúgbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò sì ní ẹyọ kan. Owó ọmọ ìlú ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wá fẹnu kò pé kí ẹgbẹ́ tó ná kọ́bọ̀ mìíràn, ká wọn ìlú wa ná. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kọ́wọ́ ayé tẹ̀ títí di 2030. Èyí tó ṣe ìkọkànlá dá lórí ìlú tó ṣeé gbé, tí yóò sì tọ́jọ́, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n tì í lẹ́yìn. Ṣé ibùdókọ̀ wà láàárín 500 mítà sílé èèyàn? Mélòó nínú pàǹtí ìlú ni wọ́n ń kó? Ṣé ilẹ̀ tí ìlú ń gbà ń yára ju bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kàn wá gan-an, torí ilẹ̀ oko ni ilé ń jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ètò ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe gbẹ̀yìn, 2006 ni.

Omi la ó fi bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń lò rọrùn: kéèyàn lọ síbi omi tó mọ́, kó tò, kó pọn ọ́n, kó sì padà délé, kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wá wo ọmọ tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì jáde nígbà ọyẹ́, tí kànga àgbàlá wọn ti gbẹ, tó ń ti kẹ́ẹ̀gì síwájú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, tí agogo ilé ìwé sì ti lù kó tó kàn án. Wákàtí ọmọ yẹn ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. A fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò máa lọ ní méjì-méjì láti ojúlé dé ojúlé. Wọn á fi fóònù kọ ìṣẹ́jú tí omi ń gbà, ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, àti ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà wọlé, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí àwòrán ìlú. Ẹ̀dà rẹ̀ á dé ààfin Ọwá Obòkun àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì.

Àwọn baba wa tó ṣe òṣómàáló, ìyẹn òwò àwìn, mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n, wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò san án. Ìlú tí wọ́n fi èrè yẹn kọ́, kò yẹ ká máa fojú díwọ̀n rẹ̀.

₦10,000 la ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé, ₦30,000 lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, Àbújá àti òkè òkun. Ẹni tágbára rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀. Dátà, owó ọkọ̀, oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́ àti owó ayàwòrán ilẹ̀ la ó fi ṣe, a ó sì ka ìnáwó rẹ̀ sétí gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò ní san nǹkan kan, àmọ́ a nílò wọn gan-an láti fi ojú odò àtijọ́ hàn wá, torí ọ̀pọ̀ ilé tí omi ń ya wọ̀, ojú odò ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ẹ san án fún akápò ẹ̀ka yín kí oṣù yìí tó parí, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí àwòrán ilẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.