Lẹ́tà sí Fèyí, nípa ọbabìnrin tí wọ́n fi àṣìṣe yàn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Mo ti wo àníìmè, eré àwòrán àwọn ará Jàpáànì, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ọ̀dọ́mọdé ìjòyè kan ti fi idán mọ odi yí abúlé ahoro ká ní òru ọjọ́ kan. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn jù nínú títún ìlú ṣe gan-an ni idán náà fò dá, ìyẹn àríyànjiyàn àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o wo àníìmè Sakura Quest, tí ilé iṣẹ́ P.A. Works gbé jáde ní ọdún 2017, apá 25 ni. Kò sí idán nínú rẹ̀, àmọ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tí ó fara jọ ti inú àlọ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní Jàpáànì ló sọ ara wọn di ìjọba ọba kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè máa wá. Púpọ̀ nínú wọn ló ti kógbá sílé. Manoyama, ìlú inú eré yìí, kọ̀ láti kógbá sílé. Bàbá Kadota, tí ó fi ara rẹ̀ jọba, ṣì ń fi Chupacabra, ẹranko abàmì tí wọ́n ní ó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, ṣe àmì ìlú, ìpápánu manju tí wọ́n fi ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀ sì wà nínú páálí láìrí oníbàárà. Olórin àtijọ́ kan ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ọbabìnrin, àṣìṣe ló gbé Koharu Yoshino dé, ọ̀dọ́bìnrin tí ń wáṣẹ́ kiri ní Tokyo. Ó rò pé iṣẹ́ ráńpẹ́ ni, àfi ìgbà tí ó rí i nínú ìwé àdéhùn pé ọdún kan gbáko ni. (Wo irú oyè tí wọn kò bi Ifá léèrè kí wọ́n tó fi ènìyàn jẹ!)

Ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́gi ló wù mí jù. Ìlú Nanto, ní ìpínlẹ̀ Toyama, ni P.A. Works fìdí kalẹ̀ sí, igi gbígbẹ́ sì ni wọ́n fi mọ àdúgbò Inami níbẹ̀. Ó hàn gbangba pé ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni wọ́n yà. Àwọn agbẹ́gi Manoyama ń gbẹ́ ranma, pákó ọlọ́nà tí wọ́n máa ń fi sí òkè ilẹ̀kùn láàárín yàrá méjì, ṣùgbọ́n ilé ìgbàlódé kì í sábà ní àyè fún un mọ́. Sanae, àlejò láti Tokyo tí kòkòrò inú ilé ń dẹ́rù bà, ló rí ẹwà tí àwọn onílùú ti ń kọjá lára rẹ̀ láìgbójú sókè. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà náà ṣe ibùdókọ̀ ojú irin lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn agbẹ́gi kò gbà wẹ́rẹ́. Wọ́n fajúro, wọ́n jiyàn, kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀.

Nígbà kan, wọ́n pe ẹgbẹ́ olórin olókìkí, èrò sì ya wọ ìlú. Orin parí, èrò túká, Manoyama sì padà sí bí ó ti wà. Koharu rẹ̀wẹ̀sì débi pé ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe fò ni ti àwọn àgbà abúlé orí òkè, tí bọ́ọ̀sì wọn fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan kọ́ wọn ní lílo tábúlẹ́ẹ̀tì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti kéde pé abúlé àwọn ti gba òmìnira! Mo rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń béèrè, bọ́ọ̀sì tí ń wá nígbà tí a bá pè é ni wọ́n sì fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Mo mọ̀ pé o kì í bínú bí a bá sọ ìparí eré fún ọ. Kadota fúnra rẹ̀ ló tú ìjọba náà ká, Koharu sì kó ẹrù rẹ̀ gba ìlú mìíràn lọ nígbà tí ọdún rẹ̀ pé. Èmi kò tíì fara mọ́ ìlọ rẹ̀ yẹn. Bí o bá wò ó dé ibẹ̀, kọ̀wé sí mi kí n mọ èrò tìrẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.