Ẹ má tíì san owó màlúù yẹn

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àwọn ọmọ. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ẹ ti rí màlúù kan tó wù yín, pé owó tí mo fi ránṣẹ́ á ká a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó, ewúrẹ́ ni mo rò pé ó máa bá yín mu jù. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ wàrà sílẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn, mi ò tíì fọwọ́ kan ọmú màlúù rí.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fún wàrà níbí, láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, ọjọ́ ìsinmi kankan ò sí nínú ẹ̀. Èyí tó dáa jù nínú àwọn màlúù wa ń mú nǹkan bíi lítà 25 wá lójúmọ́. Iye yẹn ló ń wọ èèyàn lójú. Àmọ́ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ mẹ́rin, ṣé ẹ lè mu ju lítà 3 lọ? Bí tiyín ò tiẹ̀ mú ju 10 lọ wá, ta ló máa mu 7 tó kù? Tí kò bá síbi tútù tẹ́ ẹ máa gbé e sí, kó tó dalẹ́ ó ti kan. Ewúrẹ́ tó jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n ń sìn fún wàrà, tó ń jẹun kánú, á mú lítà 2 sí 3 wá. Èyí tí wọ́n ń sìn fún ẹran kì í mú tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín lórúkọ wàrà.

Màlúù wa kan wọ̀n tó kílò 500, ó sì lè mu lítà omi 60 lójúmọ́, ìgbà ooru á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa pọn ọ́n? Koríko ló ń jẹ, igbó ló sì wà lẹ́yìnkùlé yín. Ewúrẹ́ á fẹsẹ̀ méjì dúró, á já ewé jẹ, inú ẹ̀ á dùn. (Á já ti aládùúgbò jẹ náà o. Ẹ ṣe ọgbà kẹ́ ẹ tó mú un wálé.)

Ohun tó ń kó mi láyà jẹ jù ni ọwọ́ yín. Orí ọmú mẹ́rin ni màlúù ní, ewúrẹ́ ní méjì. A kì í fà á bí okùn. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lẹ máa fi há a lókè kí wàrà má pa dà sókè, ẹ ó wá máa pa ìka yòókù dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún èyí tó kọ́kọ́ jáde sínú ife dúdú: tó bá dì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àrùn ti wọ ọmú, ẹ má mu ún. Lóṣù àkọ́kọ́ mi níbí, mi ò lè di síbí mú lálẹ́. Ọ̀kan tún ta mí nípàá lórúnkún lọ́jọ́ tí mo rò pé a ti mọwọ́ ara wa. Korobá dà nù, èmi náà dà nù. Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, àkọ́bí yín lè di ewúrẹ́ mú. Màlúù ńkọ́?

Ẹ ra méjì. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo á máa ké ṣáá, kì í fẹ́ dá wà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gba akọ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn èkejì. Tí wàrà ọ̀kan bá gbẹ, ti èkejì á ṣì máa wá. Oṣù 5 ni oyún ewúrẹ́, ti màlúù tó 9. Nǹkan bí ọjọ́ 60 la sì máa ń fi màlúù sílẹ̀ láìfún un kó tó bímọ. Ẹ má so òbúkọ mọ́ wọn, òórùn ẹ̀ máa ń wọ wàrà.

Mi ò ní purọ́, tó bá di ti bọ́tà, màlúù ló borí. Ọ̀rá wàrà ewúrẹ́ wẹ́, kì í tètè léfòó kéèyàn bù ú.

Ẹni tó sọ fún yín pé wàrà ewúrẹ́ kì í da inú ọmọ rú kò rí i tán. Ṣúgà wàrà tó ń da àwọn kan láàmú wà nínú méjèèjì. Ẹ má sì fi èyíkéyìí rọ́pò ọmú fọ́mọ tí kò tíì pé ọdún kan. Èyí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ máa se wàrà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu ún.

Tẹ́ ẹ bá rí ewúrẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ni ín fún un lójú yín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wọn wàrà náà. Kẹ́yin náà wá jókòó fún un. Bí ọrùn ọwọ́ yín bá ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Àbúrò yín