Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Imí-Ọjọ́ Inú Dísẹ́ẹ̀lì Tí À Ń Lò Ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta àti Yábàá

Sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Mainland, Èkó.

Alága wa ọ̀wọ́n,

Àwa mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ amúnáwá ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tó gbé wa wá síwájú yín ni imí-ọjọ́ (sulphur) inú dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn oníbàárà wa ń rà, èyí tó ń jẹ ẹ́ńjìnnì wọn run kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Láìpẹ́ yìí ni a tú ẹ́ńjìnnì ilé búrẹ́dì kan. Nígbà tí a fa pístìnì jáde, rìngì òkè ti tín-ín-rín bí abẹ, ara slíìfù, ìyẹn àgbá tí pístìnì ń rìn nínú rẹ̀, sì dá kòtò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Oníbàárà náà gbà pé ayédèrú rìngì ni a gbé fún òun, ó sì dùn wá púpọ̀, nítorí iṣẹ́ ásíìdì ni a rí níbẹ̀: bí imí-ọjọ́ bá jóná, tí èéfín rẹ̀ sì pàdé omi nínú ẹ́ńjìnnì, ásíìdì ni yóò dà. Èéfín yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa ń fà símú. Ní 2020 ni ECOWAS ti fi í lélẹ̀ pé imí-ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú kílógíráàmù dísẹ́ẹ̀lì kan.

Imí-ọjọ́ yìí ṣeé yọ kúrò nínú epo. Ní àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ńlá, háídírójìn ni wọ́n ń fi yọ ọ́, lórí catalyst, ìyẹn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀, tí wọ́n fi irin cobalt àti molybdenum ṣe, nínú ooru tó máa ń wà láàárín 300 sí 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn kọjá agbára wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń lo hydrogen peroxide, èròjà olómi tó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, àti catalyst nínú ooru tí kò tó ti omi tó ń hó, tí imí-ọjọ́ yóò fi yí padà di ohun tí a lè fi èròjà olómi mìíràn fà kúrò nínú epo. Èyí tó wú wa lórí jù ni pé catalyst náà ṣeé sẹ́, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá gbẹ kí a tún lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ a máa dín bí ó ti ń pẹ́ sí i. Òmíràn wà tí wọ́n po èròjà irin mọ́, tí mágnẹ́ẹ̀tì yóò fà jáde bí a ti ń fi ṣa ẹ̀tù irin lórí tábìlì iṣẹ́.

A kò bẹ̀bẹ̀ láti máa ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí hydrogen peroxide àti epo kì í ṣe ohun tí à ń pò pọ̀ láàárín ilé tí ọmọdé ń sùn. Ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí ẹ bá wa bá Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà àti Yaba College of Technology sọ̀rọ̀, kí àwọn onímọ̀ wọn máa yẹ dísẹ́ẹ̀lì wò fún wa, kí wọ́n sì fi ọ̀nà catalyst yìí hàn wá ní yàrá ìwádìí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kọ̀wé sí NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó títa epo, kí wọ́n máa yẹ epo àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tà ní òpópónà wò.

A ó máa gbé dísẹ́ẹ̀lì ìgò kan wá láti inú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá bàjẹ́ báyìí, pẹ̀lú rìngì rẹ̀, sí ibi tí ẹ bá yàn fún wa.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.